Ìkòkò Ẹnìkan

Òórùn bisikíìtì ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀ nínú yàrá mi ní Agége, kí n tó gbọ́ ohùn ẹ̀dá kankan. Bí afẹ́fẹ́ bá ti apá ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ wà lọ́nà Ikẹjà fẹ́ wá, òórùn náà á gba ojú fèrèsé wọlé, òórùn ṣúgà àti bọ́tà gbígbóná, á sì jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì bí àlejò tí kò fẹ́ lọ mọ́. Tó bá di ọ̀sán, òórùn ike yíyọ́ á gba ipò rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni ti búrẹ́dì. Àwọn èèyàn máa ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀ pé ebi ò lè pa ẹni tó bá ń gbé àdúgbò wa, pé òórùn nìkan tó ẹni í yó. Irọ́ ni. Òórùn oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni ò pè ọ́ sí máa ń dá kún ebi ni, ebi tí mo sì ń wí yìí kì í ṣe ti inú nìkan.

Nígbà náà, ìjọba alágbádá ò tíì pẹ́ tó padà dé. Fóònù alágbèéká ti wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n ohun tí a ń sọ lórí rẹ̀ ò ju "mo ti dé o" àti "màá tún pè" lọ, nítorí owó ìpè. Ní ti íńtánẹ́ẹ̀tì, káfé lo ti máa lọ bá a, wàá ra tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan, wàá sì máa gbàdúrà kí iná má lọ. Èkìtì ni mo ti wá. Mo gba yàrá kan nínú ilé kan tí kò jìnnà sí ojú irin, mo sì ń ṣiṣẹ́ títẹ̀wé ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike n'Ikẹjà. Ilé tí mò ń gbé kún fún èèyàn, àmọ́ bí ìlẹ̀kùn ṣe ń ṣí ló ń tì. Bí àwọn kan ṣe ń jáde lọ síṣẹ́ ni àwọn mìíràn ń ti ibẹ̀ bọ̀, ojú wọn ti wọ ihò. "Ẹ kú iṣẹ́ o", "ẹ kú ilé o", ó parí. Mo lè wà nílé láti àárọ̀ Sátidé títí di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ mi.

Oúnjẹ ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé mo dá wà. Nílé wa, abọ́ kan ni àwa ọmọ máa ń yí ká, ọwọ́ á máa kọlu ọwọ́, ẹni tó bá lọ́ra á kàn máa lá ìka ni. Ìyá mi kọ́ mi ní oríṣiríṣi ọbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ ẹnìkan. Ta ni yóò kọ́ ọmọ rẹ̀ nírú ìyẹn? Yóò dà bí ẹni pé ó ń gbé ọmọ ṣépè. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Agége, bí a ṣe ń sè é nílé ni mò ń sè é, ọbẹ̀ á kan, n ó dà á nù, ojú á sì máa tì mí bí ẹni tó jalè. Díẹ̀díẹ̀ ni mo kọ́ ọ: ẹ̀wà ẹ̀kúnwọ́ kan, ata bíi mélòó kan, àlùbọ́sà ìdajì, mọ́ínmọ́ín ewé ẹyọ kan ṣoṣo tó ń dá hó nínú ìkòkò.

Ìyẹn gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Mo ṣí ojú ewé ọ̀fẹ́ kan ní káfé, irú èyí tí wọ́n ń pè ní búlọ́ọ̀gù, mo sì sọ ọ́ ní Ìkòkò Ẹnìkan. Ayàwòrán kan tó ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù níwájú ilé wa máa ń yá mi ní kámẹ́rà rẹ̀ ní Sátidé, èmi náà á sì bá a tẹ ìwé tó bá ní í tẹ̀. N ó se oúnjẹ ẹnìkan, n ó yà á, n ó sì kọ bí mo ṣe sè é ní èdè Yorùbá, nítorí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ọbẹ̀ ń ta sánsán. Gbólóhùn kan náà ni mo fi máa ń kádìí rẹ̀: "Oúnjẹ ti jinná. Ẹ wá jẹun o."

O ṣáà mọ àṣà wa. Ẹni tó bá bá ọ nídìí oúnjẹ, o gbọ́dọ̀ pè é, òun náà gbọ́dọ̀ dáhùn pé, "Á gba ibi ire o." Ó tán nìyẹn. Ẹni tó pè ò retí pé kí ẹnikẹ́ni jókòó, ẹni tí wọ́n pè náà ò sì ní in lọ́kàn. Ẹni tó bá ṣan ọwọ́ lóòótọ́, a ó máa wò ó bí ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé. Èmi náà kàn fi ìpè mi síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe ni. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fọhùn. Lọ́jọ́ kan ṣá, mo ṣí ojú ewé náà, mo rí i lábẹ́ àwòrán àsáró mi: "Á gba ibi ire o." Mo kà á, mo tún un kà, títí tí wákàtí tí mo sanwó fún fi fẹ́ tán. Omi bọ́ lójú mi níwájú kọ̀ǹpútà, ọkùnrin tó ń mójú tó káfé sì rò pé èèyàn mi ló kú.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pọ̀ sí i. Mi ò mọ ojú ẹnì kankan nínú wọn, orúkọ wọn pàápàá ò sí níbẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀, Aláìlórúkọ ni ẹ̀rọ náà ń pè é, wọn kì í sì í yọ ara wọn lẹ́nu. Aláìlórúkọ ní á gba ibi ire. Aláìlórúkọ míì ní á gba ibi ire o, yìnyín ń bọ́ níbi tóun wà. Omíràn wà ní Malaysia, omíràn ní Houston. Obìnrin kan ṣoṣo ní London ló máa ń fi orúkọ tirẹ̀ sí i. Òun ló kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ kan pé, "Sister mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa se ìkọ́kọrẹ́. Ìyá mi ti lọ, mi ò sì kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn." Mo ṣèlérí fún un, mo sì ń sún un síwájú, torí ọmọ Èkìtì ni mí, oúnjẹ Ìjẹ̀bú kọ́ ni wọ́n fi wò mí dàgbà, ewùrà rírin sì máa ń yún mi lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni a wà tí ilé iṣẹ́ wa fi dín òṣìṣẹ́ kù, tí mo sì wà lára àwọn tí wọ́n ní kó máa lọ ilé. Mo rò ó títí. Owó ilé, mo lè wá a, owó oúnjẹ, mo lè wá a, iṣẹ́ títẹ̀wé díẹ̀díẹ̀ ò ní ṣàì yọ. Owó káfé ni n kò lè rí. Mo ti ń palẹ̀ ọ̀rọ̀ ìdágbére mọ́ nínú ọkàn mi nígbà tí ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe èròjà ọbẹ̀ ní Ìlúpéjú kọ̀wé sí mi. Arábìnrin tó ń rí sí ìpolówó ọjà wọn ní ẹ̀gbọ́n òun tó wà lókè òkun ló fi ojú ewé mi ránṣẹ́ sóun. Ó ní àwọn fẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ mi: orúkọ èròjà wọn á wà lókè ojú ewé náà fún ọdún kan, àwọn á máa san owó káfé, àwọn á sì fún mi ní kámẹ́rà tèmi. Nígbà yẹn, n kò tíì gbọ́ ọ rí pé ilé iṣẹ́ kankan ń ṣe irú ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo jó nínú yàrá mi. Mo wá ẹni tí n ó sọ fún, kò sí, mo bá lọ sí káfé lọ sọ fún àwọn Aláìlórúkọ.

Ọ́fíìsì wọn ń run kọ́rì àti ata gbígbẹ débi pé mo sín nígbà tí mo wọlé. Arábìnrin náà fi ọ̀yàyà gbà mí, ó sì mú mi wọlé tọ mánéjà wọn, ará Íńdíà kan tó rọra ń sọ̀rọ̀. Ó ti ní kí wọ́n tẹ ojú ewé mi jáde sórí pépà. Ó ń ṣí i wò, ó ń fi ìka tọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì bá arábìnrin náà sọ̀rọ̀. Arábìnrin náà ò kọ́kọ́ fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo gbọ́ ọ yékéyéké.

"Ó ní ẹnìkan náà ló kọ gbogbo èyí," ló wí níkẹyìn. "Orúkọ kan, ọ̀rọ̀ kan. Ó ní bóyá ìwọ lo jókòó sí káfé tó ò ń dá ara ẹ lóhùn."

Arábìnrin náà ló gba ẹnu mi sọ ọ́, ó ṣàlàyé àṣà wa fún un, pé bí wọ́n ṣe ń dáhùn nìyẹn, pé ẹni tó bá sọ nǹkan mìíràn gan-an ni kò mọ̀wà hù. Mánéjà náà fetí sílẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. "O ti ń pè wọ́n látìgbà yìí," ó ní. "Ṣé ẹnì kankan wá rí?"

Mo ní rárá. Kí ni mo tún lè sọ? Ó ní Èkó ni wọ́n ti ń ta ọjà wọn, wọn kì í tà á ní London. Kí n mú ẹyọ ẹnìkan wá ní Fraidé, ẹnìkan péré tó ń gbé Èkó tó sì mọ ojú ewé mi, òun á buwọ́ lùwé.

Ẹnìkan péré. Mo ti rò pé ó rọrùn. Mo lọ bá ayàwòrán, ó ní, "Àǹtí, àwòrán nìkan ni mo máa ń wò, mi ò kà á rí o." Àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ ní kí ni wọ́n ń pè ní búlọ́ọ̀gù. Nínú ìjọ, wọ́n ní àwọn á máa fi mí sádùúrà. Ọkùnrin tó ń mójú tó káfé ní, "Sister, no worry, èmi á bá yín lọ, màá ní mò ń kà á dáadáa," mo sì gbà, kí n má purọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ kò jẹ́ kó kúrò nídìí iṣẹ́. Ìgbà yẹn ni ó tó yé mi bí mo ṣe dá wà tó. Àwọn àgbà ní ìdánìkanrìn ejò ló ń jẹ ejò níyà. Èmi ò mọ̀ pé mo ti di ejò nínú ìlú tí èèyàn ti ń tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo kọ ọ́ sórí ojú ewé náà bó ṣe rí: ta ló wà ní Èkó nínú yín? Wọ́n fèsì, wọ́n ṣe pẹ̀lẹ́, wọ́n ní wọn ì bá fò wá bí wọ́n bá ní ìyẹ́. Obìnrin ti London nìkan ló kọ ohun tó yàtọ̀: "Bàbá mi wà ní Dọ̀pẹ̀mú. Màá rán wọn sí yín." Mo fi àdírẹ́sì ọ́fíìsì náà àti àkókò ránṣẹ́ sí i.

Láàárọ̀ Fraidé, mo se ìkọ́kọrẹ́. Mo ní bí mo bá ti gba iṣẹ́ náà tán, òun ni n ó yà, òun ni n ó fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, òun náà ni n ó sì fi bá ara mi yọ̀. Mo fi páànù tí wọ́n dá lu rin ewùrà títí ọwọ́ mi fi ń yún mi dé ìgbọ̀nwọ́, mo bu epo sí i, mo wá fi ẹja yíyan ńlá kan sí i, irú èyí tí n kì í rà. Mo dé e mọ́lẹ̀, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì wọkọ̀ lọ sí Ìlúpéjú.

Bàbá àgbàlagbà kan ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọgbà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́, aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀, wọ́n lọ̀ ọ́ gbá, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì kan ti já lọ́rùn rẹ̀ tí kò sì sẹ́ni tó bá wọn gán an.

"Ṣé ìwọ lo máa ń se oúnjẹ sórí kọ̀ǹpútà?" wọ́n bi mí.

Mo kúnlẹ̀. "Èmi ni, sà."

"Ọmọ mi ní kí n wá jẹ́rìí ẹ."

Ayọ̀ mi ò lópin. Mo tẹ̀ lé wọn wọlé bí ìgbà tí èèyàn tẹ̀ lé lọ́yà tó ti borí ẹjọ́ rẹ̀. Mánéjà náà dìde fún wọn, ó fún wọn ní àga, ó sì ní kí arábìnrin náà bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń ka ohun tí mò ń kọ.

"Rárá o," ni bàbá wí. "Ojú mi ò gbé e. Ọmọ mi ló ń kà á fún mi lórí fóònù ní gbogbo Sọ́ńdè. Òun ń kà á ní London, èmi ń gbọ́ ọ ní Dọ̀pẹ̀mú."

"Bàbá, a jẹ́ pé ọmọ yín ló ń kà á."

"Òun ni. Èmi ń gbọ́ ọ ni."

Arábìnrin náà wojú mi, ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ẹ̀yin náà ṣáà máa ń lo èròjà ọbẹ̀ wa nílé, àbí?"

Bàbá mú páálí èròjà kan lórí tábìlì, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n sì dá a padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Mi ò mọ̀ ọ́n," wọ́n ní. "Ìyá ọmọ mi ló mọ ohun tí wọ́n ń fi sọ́bẹ̀. Látìgbà tó ti fi mí sílẹ̀, búrẹ́dì ni mò ń jẹ."

Ó tán nìyẹn. Mánéjà náà ò rín ẹ̀rín, ó gbá bàbá lọ́wọ́ mú pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì ní kí wọ́n di èròjà ọbẹ̀ fún àwa méjèèjì. Ó sọ fún mi pé ohun tí mò ń ṣe dára, pé bóyá tó bá yá. Ìwọ náà mọ ohun tí "tó bá yá" ń jẹ́ ní ọ́fíìsì.

Inú bí mi sí bàbá náà débi pé mi ò lè wo ojú wọn. "Bẹ́ẹ̀ ni" péré ni mo fẹ́ kí wọ́n sọ. Nínú ọkọ̀ láti Ìlúpéjú gba Mérílàndì, ọ̀rá èròjà ọbẹ̀ wà lórí itan wa méjèèjì.

"Mo bà á jẹ́ fún ẹ," ni wọ́n wí nígbà tí a sún mọ́ Ikẹjà.

"Rárá, sà."

"Mo bà á jẹ́. Ẹnu mi ò mọ irọ́ í pa mọ́, ó ti pẹ́ tí mi ò ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀."

Ìbínú mi rọ̀ díẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, àmọ́ kò tán. Mo rò pé wọ́n á bọ́ọ́lẹ̀ ní Dọ̀pẹ̀mú, wọn ò bọ́ọ́lẹ̀. Wọ́n ní ọmọ wọn ní kí àwọn rí ìkòkò náà lójú. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣe é, mo mú wọn dé ilé. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, wọ́n ń wo sítóòfù, wọ́n ń wo àga kan àti àpótí kan, mo sì ṣí ìkòkò náà kí wọ́n lè rí i. Òórùn epo àti ẹja yíyan gba gbogbo yàrá. Bí ìṣe, láìrò ó, mo ní, "Bàbá, ẹ wá jẹun o."

Mo ti ń dá ọmọrí ìkòkò padà nígbà tí mo rí i pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń tú okùn bàtà wọn.

"Ní gbogbo Sọ́ńdè ni mò ń gbọ́ tó ò ń pè mí," wọ́n ní. "Mo ti dé."

Àwo kan ni mo ní, ṣíbí kan. Gbogbo ìwọ̀n inú ìkòkò náà, ti ẹnìkan ni. Mo fún bàbá ní àga, mo jókòó sórí àpótí, mo gbé àwo sáàárín wa, mo sì bomi fún wọn ṣan ọwọ́. A jẹ ẹ́ pọ̀. Mo ti gbàgbé bó ṣe máa ń rí, kí ọwọ́ ẹlòmíràn máa wọ inú àwo tí o ti ń jẹun. Bàbá náà mi orí wọn.

"Ìkọ́kọrẹ́ kọ́ lèyí," wọ́n ní. "O rin ín kúnná jù. Ó yẹ kó ní kókó." Wọ́n tún bù ú. "Ó dùn ṣá."

Ẹja náà ló wá ṣẹ́kù sáàárín àwo. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi pé ọmọdé kì í mú ẹja ṣáájú àgbà, àmọ́ ní Agége, kò sí àgbà, kò sí ọmọdé, èmi ni mò ń jẹ gbogbo ẹja mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo yẹ ọwọ́ mi fún un. Bàbá náà yẹ ọwọ́ tiwọn fún un. Mo tì í sápá ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n dá a padà sọ́dọ̀ mi. Ìgbà tó yá ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n fi ìka já a sí méjì, wọ́n sì fi èyí tó ní orí sílẹ̀ fún ara wọn. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú mi. Mo ní ata ni.

Wọ́n ń wá ní Sátidé lẹ́yìn ìyẹn, títí ọmọ wọn fi wá mú wọn lọ sí London. Èmi ni mo gán bọ́tìnnì ọrùn aṣọ wọn. Ojú ewé náà kò pẹ́ tó fi dákẹ́, nítorí owó káfé, mi ò sì gbọ́ ohunkóhun mọ́ láti Ìlúpéjú.

Lónìí, inú fóònù ni gbogbo rẹ̀ wà. Mo ti tún bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń wò mí ti pọ̀ ju àwọn Aláìlórúkọ ìgbà náà lọ, àwọn onílé iṣẹ́ sì máa ń fi epo àti ìrẹsì ránṣẹ́ sí mi kí n lè dárúkọ wọn. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń béèrè ni iye èèyàn tó ń wò ó, mo sì máa ń sọ ọ́ fún wọn. N kò rí ohun búburú nínú rẹ̀, iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń dá gbé, oúnjẹ ẹnìkan ni mo ṣì ń sè, bí mo bá sì fẹ́ ya àwòrán rẹ̀, mo máa ń gbé àwo méjì kalẹ̀. Àwọn tó ń wò mí máa ń béèrè ta ló ni èkejì, àwọn mìíràn ń ṣàwàdà pé ọkọ ni mo fi pa mọ́. N kì í bá wọn jiyàn. Mo kàn máa ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹnìkan wá rí.